Ìdúpẹ́ Tí Mi Ò Jáde Fún

Ẹni tó bá ń retí kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọbìnrin náà ní ìlú tí wọ́n tà á sí, kó yáa pa ìwé yìí dé, kó lọ wá nǹkan mìíràn kà. Mi ò ní sọ. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Mo mọ díẹ̀, mo sì ti fi ẹnu ara mi ba díẹ̀ náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ti ara mi ni mo fẹ́ sọ.

Kabba ni mò ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́rin tí ọkọ mi kọ́ kó tó kú. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mo ṣe fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, káàkiri àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà lágbègbè wa, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ọ̀kan wà ní Àbújá, ọ̀kan wà lókè òkun, ìkẹta wà ní Èkó, kì í gbé fóònù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ilé náà ti tóbi jù fún mi. Ó ti dé ibi pé mò ń bá rédíò jà. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá sọ ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, màá dá a lóhùn, màá sì dúró kó fèsì.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà nìyí. Ọ̀dọ́bìnrin kan láti ọ́fíìsì kan ní Lọ́kọ́ja wá bá wa níbi ìpàdé àwa tá a ti fẹ̀yìn tì. Ó ní àwọn ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n fi iṣẹ́ tàn lọ sí òkèèrè, tí wọ́n sọ di ẹrú nígbà tí wọ́n débẹ̀, tí Ọlọ́run wá jẹ́ kí wọ́n rí wọn gbà padà. Ó ní àwọn mìíràn nínú wọn ò tíì lè lọ sílé tààrà, nítorí ojú ń tì wọ́n, ẹnu ayé sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ń wá ìyá tó ní yàrá, tó ní sùúrù, tó lè gba ẹyọ kan sọ́dọ̀ fún oṣù mélòó kan. Yàrá, mo ní. Sùúrù, mo parọ́ pé mo ní.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́. Má bi í léèrè ọ̀rọ̀. Má fọwọ́ kàn án láìtọrọ àyè. Má tì í mọ́lé, ì báà jẹ́ nítorí olè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀, tirẹ̀ ni. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, yóò sọ ọ́, bí kò bá sì fẹ́, ó parí. Mò ń rẹ́rìn-ín sínú. Èmi tí mo gbẹ̀bí ọmọ olóyè àti ọmọ pásítọ̀, tí mo mọ ẹni tó bí ta ni nínú ìlú yìí tí mi ò sì sọ ọ́ rí, ṣé èmi ni ọmọdé yìí ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́? Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé láàárín gbogbo wa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ni wọ́n gbé e wá. Kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Okun o, Màmá." Bó ṣe fa ohùn náà ni mo ti mọ ibi tó ti wá. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, bí èèyàn bá ti kí ọ ní okun, ìkíni àwa ará ibí, o ti mọ ilé bàbá rẹ̀. Ó lè jẹ́ Òkè-Bùkún, ó lè jẹ́ Ògìdì, ó lè jẹ́ Ekinrin-Adde. Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Kò sáà jìnnà.

Ìyá rẹ̀ wà ní ìlú wọn níbẹ̀, ó ń ṣoko ẹ̀gẹ́, ó ṣì rò pé òkè òkun ni ọmọ òun wà, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó máa pè. Ọmọ náà ti sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì pé òun fúnra òun lòun máa sọ ọ́ fún ìyá òun, lọ́jọ́ tí ẹnu òun bá gbà á, pé kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wá nìyẹn. Àdéhùn wa ni pé bí wọ́n bá bi mí, màá ní ọmọ àbúrò ọkọ mi ni.

Ní oṣù àkọ́kọ́, orí ẹní ló ń sùn, lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ilẹ̀kùn ní ṣíṣí gbayawu, ibùsùn sì wà nílẹ̀ tí mo tẹ́ aṣọ tuntun sí. Bó bá fẹ́ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, á wá dúró níwájú mi, á ní, "Màmá, ṣé mo lè lọ?" Ìgbà àkọ́kọ́ tó bi mí bẹ́ẹ̀, inú bí mi. Mo ní, "Ó tì o! Ṣé èmi ni mo ni inú rẹ ni?" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, iye ìgbà tó bá bi mí lójúmọ́, màá ní, "Máa lọ, ọmọ mi." Mo rí búrẹ́dì tó ti hu lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ nígbà tí mò ń gbálẹ̀. Mo fi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbálẹ̀ mi lọ.

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ìta, kó lè jáde nígbà tó bá wù ú. Kò jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ kò gbé kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀. Bó bá ń ro ọkà, ó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Nígbà tó yá, obìnrin télọ̀ kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi gbà á sí ìdí iṣẹ́. Àwọn ará ọ́fíìsì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan wá fún un, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ẹ̀yin tí ilé yín kún, ẹ ò lè mọ ohun tí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ń ṣe fún ẹni tó dá gbé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mò ń bá ọkùnrin inú rédíò wí, mo ní irọ́ ló ń pa, pé kò sí iná ìjọba kankan ní Kabba láti ọjọ́ Ajé. Ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í, ó lóun ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Mo yíjú padà. Ó ń rẹ́rìn-ín! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, mo sì sáré wọ ilé ìdáná kó má baà mọ̀ pé omi náà kì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan.

Ó tó oṣù márùn-ún tó ti wà lọ́dọ̀ mi kó tó rán búbá àti ìró kan fún mi, láti inú ankárá tó ti pẹ́ nínú àpótí. Apá kan gùn ju èkejì lọ. Mo ní kò sí télọ̀ tó tó o ní gbogbo Kogi. Ó ní, "Màmá, ẹ ò ríran dáadáa mọ́ ni." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọjá lẹ́nu yàrá rẹ̀, mo rí i pé ó ti ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í. Ẹní wà ní kíká lẹ́nu ọ̀nà. Mo fetí lélẹ̀, mo gbọ́ tí ibùsùn dún nígbà tó yí ara padà. Inú mi dùn débi pé mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀ títí omi tí mo gbé kaná fi gbẹ.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ náà, èyí àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ní ìjọ wa, ọjọ́ ìdúpẹ́ nìyẹn. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe nǹkan fún á mú ohun tó bá ní lọ́wọ́, á jó lọ síwájú, àwọn ará ilé rẹ̀ á tẹ̀ lé e, á gba máìkì, á jẹ́rìí. Pásítọ̀ wa kì í fẹ́ ìjẹ́rìí játijàti. Ó máa ń ní, "Ẹ sọ ọ́ ní kíkún, kó lè gbé ẹlòmíràn ró." Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò jáde rí. Kí ni mo fẹ́ dúpẹ́ fún, rédíò?

Mo mú iṣu mẹ́ta. Mo wọ aṣọ tó rán fún mi. Ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ máa sọ̀rọ̀ ni?" Mo ní, "Rárá o, a kàn máa jó ni." Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

A jó débẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n na máìkì sí mi, mo ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Wọ́n ní hallelúyà, àmọ́ hallelúyà náà kò lágbára. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Kí ló ṣe, Màmá Nọ́ọ̀sì? Ẹ sọ ọ́ ká gbọ́!" Mo wo ojú gbogbo wọn, ojú tí wọ́n fi ń wò mí tàánú-tàánú láti ọdún mẹ́jọ, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò wá wò. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé èmi náà ní nǹkan. Ẹnu mi bá là. Mo ní, "Ọmọ tí ẹ ń wò yìí, wọ́n ti tà á rí! Ẹrú ni wọ́n fi ṣe nílẹ̀ onílẹ̀! Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì..." Mi ò rántí ìyókù dáadáa. Ariwo ni mo rántí. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ju áńkáṣífù sókè. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Obìnrin méjì tí kò mọ̀ rí ti dì mọ́ ọn, ó dúró gbagidi láàárín wọn, ó ń wo ilẹ̀.

Ṣé ẹ mọ èyí tó burú jù? Títí a fi délé, inú mi ṣì ń dùn.

Ìgbà tí mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, ìyá mi máa gbọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Mo ní, "Ta ló máa sọ fún un?" Ó ní, "Gbogbo yín."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ mọ̀ wá, a kì í fi ẹni tí nǹkan ṣe sílẹ̀ ní òun nìkan. Wọ́n gbé èlùbọ́ wá, wọ́n gbé epo wá, wọ́n ń wí pé okun o, okun o, bí ìgbà tí òkú bá kú nílé. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó tán á tẹjú mọ́ ọn, á ní, "Ẹ wò ó, ọmọ tó rẹwà báyìí." Ọ̀kan bi í bóyá ó ṣì lè bímọ. Òmíràn ní òun ní ẹ̀gbọ́n kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí kò ní ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Mo lé ìyẹn jáde, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìgbálẹ̀ lé e. Ta ni mò ń lé? Ta ló pè wọ́n wá? Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi kọ́ ni ọ̀ràn bá.

Kò lọ sí ọ̀dọ̀ télọ̀ mọ́, torí àwọn tí kò ní aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán ń wá jókòó síbẹ̀ kí wọ́n lè wò ó. Ó tún tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Ẹtì, mò ń ṣa ẹ̀wà, ó wá dúró níwájú mi. Ó ní, "Màmá, ṣé mo lè lọ?" Mo gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Mo ní, "Máa lọ, ọmọ mi."

Òun fúnra rẹ̀ ló pe àwọn ará Lọ́kọ́ja. Ọ̀dọ́bìnrin tó kọ́ wa níṣẹ́ ló wá mú un. Èmi kúkú ti múra ìjà sílẹ̀. Mo ní, "Kí ni mo ṣe gan-an? Ọlọ́run ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ṣé ìdúpẹ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Mo retí kó bá mi jà, kí n lè ráyè pariwo. Ó kàn ní, "Màmá, a dúpẹ́ gan-an fún gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe." Wọn ò fún mi ní ẹlòmíràn mọ́ láti ìgbà náà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sínú ọkọ̀, wọ́n lọ.

Ọjọ́ kẹta ni ìyá rẹ̀ dé, lórí ọ̀kadà, ó gbé àpò gàrí kékeré kan sáàárín ẹsẹ̀. Ó kí mi ní okun, mo sì ti mọ̀ kó tó sọ ìdí tó fi wá. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Ó ní, "Ẹ dìde, Màmá. Kíkúnlẹ̀ yín ò lè dá ọ̀rọ̀ padà." Ó ní ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ lòun wà tí obìnrin kan fi ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ yín." Ó ní, "Mo rò pé ọmọ mi ti kú ni. Mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá sọ ọ́ fún mi, inú mi kọ́kọ́ dùn pé kò kú, lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún." Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ̀yin gbọ́ tẹnu rẹ̀. Èmi ìyá rẹ̀, lẹ́nu ará ọjà ni mo ti gbọ́." Ó bi mí ibi tí wọ́n gbé e lọ. Mi ò mọ̀, wọn ò sọ fún mi. Mo kọ nọ́ńbà ọ́fíìsì sórí ìwé fún un. Ó gbé gàrí rẹ̀ padà. Ó ní ti ọmọ òun ni.

Ọmọ mi tó wà ní Àbújá pè, ó ní, "Mọ́mì, mo sọ fún yín kẹ́ ẹ má gba ẹni ẹlẹ́ni sílé." Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Mo jókòó sí pálọ̀. Àmì ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ náà wà lórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ihò mẹ́rin. Mò ń gbálẹ̀ yí i ká fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mò ń gún iyán èèyàn méjì. Ó dá mi lójú tẹ́lẹ̀ pé ilé náà tóbi, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ó tún lè fẹ̀ sí i. Rédíò wà níbẹ̀, mi ò bá a jà mọ́, torí ta ló máa gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ mi?

Mo ro ọ̀rọ̀ ara mi títí ó fi sú mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pa àṣírí mọ́ nídìí iṣẹ́, kò ja bọ́ lẹ́nu mi rí. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìbànújẹ́ ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa mọ́. Ayọ̀ ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa mọ́, torí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Òjò ti ń rọ̀ gan-an, àgbàdo ti tó jẹ, nígbà tí nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí ní òwúrọ̀ Sátidé. Ohùn kan ní, "Okun o, Màmá." Mo di ògiri mú.

Ó ní ara òun yá. Ó ní òun wà nílùú kan, òun ń ránṣọ, kò sẹ́ni tó mọ òun níbẹ̀ ju télọ̀ lọ. Mo bi í pé, "Ìyá rẹ ńkọ́?" Ó ní ìyá òun ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, pé ó gbé gàrí wá. Èmi ni mo gbọ́ kẹ́yìn, ó sì tọ́ sí mi. Mo fẹ́ bi í bóyá orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín mi, mo gbé e mì. Ó wá ní, "Màmá, mò ń ti ilẹ̀kùn mi o."

Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Ó bi mí bóyá apá aṣọ yẹn ṣì gùn ju èkejì lọ, ó ní kí n jẹ́ kí télọ̀ bá mi gé e. Mo ní mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn án. Mo tọrọ àforíjì. Kò dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Mo sọ fún un pé mò ń fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀, torí mi ò ní ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, pé bó bá ní kí n má kọ ọ́, mi ò ní kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ kọ tiyín. Ẹ má kọ tèmi. Ẹ má sì sọ fún ẹnìkan ní ìjọ yín pé mo pè."

Ọjọ́ kejì ni Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù. Mo wọ aṣọ náà, mo ká apá tó gùn sókè. Nígbà tí wọ́n pe ìdúpẹ́, tí orin bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti ń jó nílẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí, ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ò ní nǹkan tẹ́ ẹ máa dúpẹ́ fún lóṣù yìí ni?"

Mo ní, "Mi ò ní."

Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo aláìmoore, ó ṣún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀. Àwọn tó kù ń jó kọjá níwájú mi pẹ̀lú iṣu àti adìẹ wọn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí ìjókòó mú títí orin fi parí.